Àgbà Tó Purọ́ fún Mi Nínú Ìwé: Ogójì Ọdún Tí Mo Fi Ta Ìtàn ní Onitsha

Apẹ̀rẹ̀ ata rodo kan ní ọjà Ose Okwodu láàárọ̀ yìí, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà ni. Èyí tó wà lókè pupa, ó ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó tuntun. Mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ọwọ́ mi kan omi: ata jíjẹrà ló kún ibẹ̀. Obìnrin tó ń tà á pariwo lé mi lórí pé kí ló dé tí mo ń túlẹ̀ nínú ọjà òun. Mo ní, “Nne, má bínú. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan.”

Ìwé ni mo tà ní tèmi. Ìwé ìtàn àti ìwé eré oníṣe, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń kà fún ìdánwò. Àwọn èèyàn a máa bi mí léèrè pé kí lèèyàn fẹ́ rí kọ́ nídìí ìwé títà, ṣebí bébà lásán ni. Inú máa ń bí mi! Ẹ gbọ́: gbogbo ata inú apẹ̀rẹ̀ yẹn, tútù àti jíjẹrà, òun ni ìtàn. Bí obìnrin yẹn ṣe tò ó, tó fi èyí tó dára síwájú, tó fi èyí tó bàjẹ́ pamọ́ títí o fi sanwó, ohun tí àwọn tó kàwé ń pè ní àhunpọ̀ ìtàn nìyẹn. Ata kan náà ni. Ètò rẹ̀ ló yàtọ̀. Mo mọ olùkọ́ tó gboyè tí kò lè là á yé ọmọ báyìí.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, ìwé mẹ́fà ni mo kà, àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Fegge ló mú mi wá sí Onitsha. Mo ba aṣọ oníbàárà mẹ́ta jẹ́ láàárín oṣù kan, ni àǹtí mi bá fà mí lé ọkùnrin kan tó ń ta ìwé lọ́wọ́. Owó tí wọ́n ń san fún mi? Oúnjẹ àti ibi tí mo máa sùn sí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Tíṣà ni gbogbo ọjà ń pe ọkùnrin náà. Ọmọ Igbo ni, ó ti ṣe olùkọ́ rí kó tó wá di ọlọ́jà, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, ó sì le ju egungun lọ. Àwọn tó kù nínú ọjà, àwọ̀ èèpo ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń mọ ìwé: “Mú aláwọ̀ ewé mẹ́wàá wá, mú pupa márùn-ún.” Tíṣà kò gbà. Ọmọṣẹ́ tí kò bá tíì ka ìwé kan kò gbọdọ̀ tà á. Bí oníbàárà bá dé tó béèrè ìwé tí o kò tíì kà, wàá pe ẹlòmíràn kó wá tà á, ìwọ á sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú máa tì ọ́.

Bí o bá kà á tán, wàá wá jẹ́jọ́ níwájú rẹ̀. Ìbéèrè márùn-ún ni, kò lé, kò dín: Ta ni? Níbo ni? Kí ló fẹ́? Kí ni kò jẹ́ kó rí i? Ta ló ń sọ ọ́ fún wa?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ka ìwé mi àkọ́kọ́, torí gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ń kọ́ mi lọ́rùn bí eegun ẹja. Mo dúró níwájú Tíṣà, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀: “Wọ́n bí ọkùnrin kan, ó lọ síléèwé, ó fẹ́yàwó...”

“Dúró. Ibo ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀?”

“Níbi ìsìnkú rẹ̀, ọ̀gá.”

“Kí ló wá dé tí ìwọ bẹ̀rẹ̀ níbi ìbí?”

“Ọ̀gá, ìbí ló ń ṣáájú ikú.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè ohun tó ń ṣáájú? Àbí o rò pé òǹkọ̀wé kò mọ̀ pé ìbí ló ń ṣáájú? Ó gbé òkú síwájú rẹ kí o lè máa wá ẹni tó pa á. Lọ tún un kà!”

N kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn. Bí mo ṣe ń tún un kà pẹ̀lú ebi, ojú mi là. Lóòótọ́ ni, gbogbo ẹni tó bá wọlé nínú ìwé náà ni mo ń fura sí. Bí wọ́n bá ti ibi ìbí bẹ̀rẹ̀ ni, ǹ bá ti sùn lọ.

Ìbéèrè kejì, ibùdó ìtàn, ẹ̀kọ́ tèmi tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dáhùn pé, “Abúlé kan ni.” Tíṣà ní kí n gbé ọkùnrin inú ìtàn náà, kí n lọ fi í sí Upper Iweka, ibùdókọ̀ ńlá Onitsha. Ọkùnrin yẹn ń sá fún ìyá ìyàwó rẹ̀ nínú abúlé tí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ̀, tí ojúde ìyá yẹn sì wà lẹ́nu ọ̀nà náà gan-an. Mo rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ Upper Iweka ni, á wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Benin, ìtàn parí. Tíṣà ní, “Ẹ̀n ẹ́n! Ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí o bá lè gbé ìtàn lọ síbòmíràn tí nǹkan kan kò yí padà, òǹkọ̀wé náà kò mọṣẹ́.” Ẹ wò ó, títí dòní, ọmọ á jókòó sínú yàrá ìdánwò, á kọ ọ́ pé, “Abúlé ni ibùdó ìtàn,” á fi àmì ìdánudúró sí i, á sì máa retí máàkì. Máàkì kí ni?

Nípa ẹ̀dá-ìtàn, ohun tí Tíṣà máa ń sọ ni pé ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan, oníbàárà tó kàn ń fọwọ́ pa ọjà lára ni. Kò ní rà, má fi àkókò ṣòfò. Wá ẹni tó fẹ́ nǹkan dójú ikú, kí o wá wo ohun tó dènà rẹ̀. Ìgbà mìíràn ènìyàn ni, ìgbà mìíràn òfin ìlú, ìgbà mìíràn inú òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá wà. Ibi tí ohun tó fẹ́ àti ohun tí kò jẹ́ kó rí i bá ti forí gbárí ni ìtàn wà.

Lọ́jọ́ òjò tí oníbàárà kò bá wá, Tíṣà á ní kí àwa ọmọṣẹ́ ka eré oníṣe sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹnìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ipa tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, èmi ni ìyàwó olóyè. Mo fi ohùn ẹkún kà á jáde pé, “Ó wọlé, ó ń sọkún, ó jókòó sórí àpótí.” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ìtọ́sọ́nà fún òṣèré ni ọ̀rọ̀ inú àkámọ́, pé kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ẹnu sọ. Tíṣà fi rúlà gbá tábìlì.

“Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: ìyàwó yìí ní òun fẹ́ràn ọkọ òun. Òótọ́ ni?”

Mo ní, “Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bó ṣe ń sọ ọ́?”

Mo wo inú àkámọ́ yẹn padà. Ó ń di ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí n kò gbàgbé nìyẹn. Nínú eré oníṣe, kò sí asọ̀tàn tó máa fà ọ́ létí pé ìkà rèé, olóòótọ́ rèé. Ohun tó sọ, ohun tó ṣe, ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa rẹ̀ nígbà tó jáde: ìwọ fúnra rẹ lo máa fi ṣe ìdájọ́. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń mọ oníbàárà tó fẹ́ rajà yàtọ̀ sí olè. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òde òní a dé ṣọ́ọ̀bù mi, wọn a ní, “Mama, èyí tí wọ́n ti kọ ìwà wọn sí ńkọ́?” Wọ́n fẹ́ ibi tí wọ́n ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ pé ó ní sùúrù, ó ń ṣiṣẹ́ kára, ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣé lẹ́tà tí wọ́n fi ń wáṣẹ́ ni?

Ti kókó ìtàn ló máa ń mú mi fẹ́ ya aṣọ. “Kí ni kókó ìwé yìí?” “Ìfẹ́ ni, ma.” Ìfẹ́ wo? Ìfẹ́ ṣe kí ni? Bí mo bá bi ọ́ pé kí ni ọbẹ̀ rẹ sọ lẹ́nu, ṣé wàá ní “iyọ̀”? Kókó ìtàn gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi gbólóhùn: ìfẹ́ tí kò ní òótọ́ nínú a máa sọ ilé di ahoro. Ìyẹn ni mo gbà. Ẹ sọ odindi ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́.

Ọdún méje ni mo lò lábẹ́ Tíṣà. Ó dá mi sílẹ̀, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré tèmi ní Fegge, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè mí ní obìnrin ìwé. Ojú mi rí ayé lórí ìwé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni wọ́n fi ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ, tàdáwà á kùn ẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ńlá dé, fótókọ́pì dé, àwọn olè sì bẹ̀rẹ̀ sí í da odidi ìwé kọ. Lónìí, inú fóònù ni ọmọ ti ń ka ìwé, bó bá ń kà á. Ó ti béèrè lọ́wọ́ fóònù kó sọ ìtàn náà fún òun ní ìlà mẹ́wàá. Ìlà mẹ́wàá! Ẹni tó jẹ èyí tí ẹlòmíràn ti jẹ lẹ́nu, ṣé ó lè mọ adùn ọbẹ̀?

Mo ń bínú ni, ẹ má dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n n kò lẹ́nu láti bú wọn tó bẹ́ẹ̀, torí pé èmi náà tẹ sọ́márì rí.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó ṣẹlẹ̀. Sọ́márì ni a ń pe ìwé pẹlẹbẹ tó ń kó ìwé ńlá pọ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ kà á. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà wa ti ń fi sọ́márì kọ́lé. Wọ́n wá yan ìwé ìtàn tuntun kan fún ìdánwò, mo sì gbọ́ pé ọkùnrin yẹn ti ń múra. Mo ní èmi, ọmọṣẹ́ Tíṣà, kí ló kù tí n kò mọ̀? Mo ka ìwé náà lọ́jọ́ mẹ́rin. Mo sọ ọ́, akọ̀wé kan bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo kó o lọ fún atẹ̀wé. Ẹgbàá ẹ̀dà.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé náà. Bàbá arúgbó kan ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, “èmi, èmi, èmi.” Ó ní àbúrò òun ta ilẹ̀ bàbá wọn láìjẹ́ kí ẹbí mọ̀, wọ́n lé àbúrò náà kúrò nílé, ó kú sí ẹ̀yìn odi, òun sì ti dárí jì í. Bàbá náà pòwe, ó búra, ó sọkún. Mo sọkún tẹ̀lé e. Mo kọ ọ́ sínú sọ́márì mi gàdàgbà: àbúrò ni olè, ẹ̀gbọ́n ni ẹni rere.

Bọ́lá ọmọ mi wà ní kíláàsì tó máa ṣe ìdánwò náà. Onitsha ni wọ́n bí i sí, Igbo yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó ka ìwé náà tán, ó wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù.

“Mummy, irọ́ ni bàbá yìí ń pa.”

“Ta ni ò ń sọ bẹ́ẹ̀ sí? Àgbàlagbà?”

“Ó ní òun wà lóko lọ́jọ́ tí wọ́n ta ilẹ̀, àbí? Ẹ wá wo iwájú níbí. Ó ní bàtà ẹni tó rà á ń dún kíwínkíwín lórí sìmẹ́ńtì pálọ̀. Báwo lẹni tó wà lóko ṣe gbọ́ bàtà?”

“Wọ́n sọ fún un ni.”

“Ta ló sọ fún un? Àwọn méjì péré ló wà nínú ilé.”

“Bọ́lá, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá tó ń pòwe báyìí, ṣé irú wọn ló ń purọ́?”

“Mummy, ẹ̀yin náà máa ń pòwe bí ẹ bá fẹ́ ta ìwé tó ti já.”

Mo lé e jáde. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Irun funfun sọ̀rọ̀, mo kúnlẹ̀ fún un, kódà nínú ìwé! Ìbéèrè karùn-ún ni mo fò, torí mo gbà pé ẹni tó ń sọ ìtàn àti òtítọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Èmi tí n kò lè gba ọ̀rọ̀ aláta gbọ́ láìki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀!

Sọ́márì náà tà bí àkàrà gbígbóná. Àwọn olùtajà láti Nnewi, Awka àti Asaba ń dì í ní ìdì ìdì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Mísísì Nwando wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní lítíréṣọ̀ ní iléèwé kan ní Fegge, ó sì ti ń ra ìwé lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ju sọ́márì mi sórí tábìlì. Igbo ló sọ, èdè wọn kò ní “ẹ”, kí ẹ má rò pé ó rí mi fín.

“Mama Bọ́lá, ta ló ta ilẹ̀?”

“Àbúrò ni.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.”

“Ta ló ń gbé lórí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù? Ta ló kọ́ ilé alájà méjì lẹ́yìn tí wọ́n ta ilẹ̀?”

Mo na ọwọ́ mú ìwé gidi, mo ṣí i. Ẹ̀gbọ́n ni. Ó wà nínú ìwé, ní ojú ewé tí mo ti ń nu omijé.

“Ogójì nínú àwọn ọmọ mi ti há èyí sórí,” ni Mísísì Nwando wí. “Bí wọ́n bá bi wọ́n pé ṣé ẹni tó ń sọ ìtàn yìí ṣeé gbà gbọ́, kí ni kí wọ́n kọ? Àwọn kan nínú wọn, ìdánwò yìí nìkan ni àǹfààní wọn. Kò sí owó ẹlẹ́ẹ̀kejì.” Ó yíjú, ó lọ.

Sunday tó ń ta bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Mama Bọ́lá, fọwọ́ bò ó. Bí ìdánwò bá parí, ta ló máa wá ọ wá?” N kò ní purọ́ fún yín, mo rò ó. Mo jókòó, mo wo àwọn ìdì tó kù nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀rin ni wọ́n. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún ti jáde lọ, ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n wà, orúkọ mi sì wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ti gbẹ́jọ́ ẹnìkan, mo ti dá a, mo tún ti tẹ ìdájọ́ náà ní ẹgbàá.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo gba Upper Iweka lọ, torí mo mọ̀ pé oníbàárà mi láti Awka máa ń wọkọ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sán, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìdì mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Bọ́ọ̀sì ti kún, ó ti ń gbọ̀n. Mo fi ara mi dí iwájú rẹ̀.

Awakọ̀ yọrí jáde. “Madam, wetin happen? Bomb dey inside?”

Mo ní, “E worse pass bomb. Na lie dey inside.”

Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n já ìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún mi, mo sì dá owó ọkùnrin ará Awka padà níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń rìn: Nnewi, Asaba, gbogbo iléèwé Fegge. Níbi tí mo bá dé, màá gba sọ́márì mi, màá dá owó wọn padà, màá dúró níwájú kíláàsì, èmi ìwé mẹ́fà, màá sọ pé, “Ẹ̀yin ọmọ, mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ ṣí ìwé gidi. Ẹ wá bàtà tó ń dún.” Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ibì kan. Ní òmíràn, ọmọbìnrin kan wá bàtà yẹn rí kí n tó jókòó, ó sì pariwo bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Bọ́lá ló bá mi gbé ìdì láti ọkọ̀ wọlé. Lọ́jọ́ tí a kó èyí tó gbẹ̀yìn dé, mo pè é, mo ní, “Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Má bínú sí mi.” Ó wò mí bí ẹni rí iwin. Ìyá Yorùbá kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ.

Ó ní, “Mummy, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà mọ́kànlá kò tíì padà.”

Wọn kò padà títí di òní. Ọmọ mọ́kànlá kan wà níbì kan tí mo purọ́ fún, n kò mọ orúkọ wọn, bí ìdánwò wọn ṣe lọ n kò mọ̀. Ìyẹn ló ṣì ń bí mi nínú ju ohun gbogbo lọ, inú ara mi ni mo sì ń bí sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ wá ta ìwé bó bá wù yín. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á kí ẹ tó tà á, bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá sì ń sọkún, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn sọ́márì yẹn, obìnrin tó ń ta ẹ̀pà rà wọ́n lọ́wọ́ mi ní kílò kílò, ó fi ń dì í. Bí mo bá yọ owó ẹlẹ́pà yẹn kúrò nínú owó atẹ̀wé àti owó ọkọ̀, ohun tí àgbà òpùrọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ mi jẹ́ ₦401,400.